Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Tí Kò Sí Nínú Pláànù Rẹ

Tàjúdéènì Àkànní, ọmọ mi,

Pláànù ilé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ojú fóònù náà kéré jù fún ojú tèmi, nítorí náà mo ní kí wọ́n lọ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lórí tábìlì mi. Mo fi ife tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbé e lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe ń yẹ pláànù wò: mo kọ́kọ́ wo ibi tí omi máa gbà jáde, mo wo ibi tí èèyàn máa gbà wọlé, lẹ́yìn náà ni mo tó wo ibi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fáàrí.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé wọn wá sí Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n á gba ilé sí, wọ́n á sì máa fi fóònù kí bàbá wọn. Ìwọ àti Sìdíìkà ìyàwó rẹ ní ẹ fẹ́ wá kọ́ ilé kún ilé wa, kí o máa ti Ọ̀fà lọ síbi iṣẹ́. Inú èmi àti ìyá rẹ dùn sí i. Mo ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, n kò ní tún un sọ mọ́, nítorí o mọ̀ pé n kì í ṣe ẹlẹ́nu dídùn.

Lẹ́tà yìí máa gùn. N kò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, ó sì ṣeé ṣe kí n má kọ irú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ṣe pé fóònù ni mo fi pè ọ́, o ò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan tí wàá ti máa sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni, sà, bẹ́ẹ̀ ni, sà,” bó bá sì yá, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ìwé kò lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wá àga, kí o jókòó.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé láti bá ọ jà. Ìwọ lo máa gbé inú ilé náà pẹ́ jù mí lọ. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ ni mo fẹ́ tò fún ọ, kí o lè mọ èyí tí o máa yẹra fún. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi rèé, wò ó dáadáa.

Ìkíní ni òrùlé.

Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilé bàbá mi. Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lábẹ́ kọńtírakítọ̀ kan tó ń kọ́ ilé fún àwọn ọlọ́lá. Gbogbo ilé tí à ń kọ́ níbẹ̀ ló ní òrùlé kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi ti kú. Mo gba ìsinmi, mo wá sí Ọ̀fà láti kọ́ yàrá méjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alómi kún ilé tí ìyá mi ń gbé, mo sì fi òrùlé pẹrẹsẹ bo yàrá méjèèjì. Bàbá bíríkìlà tí mo gbà síṣẹ́ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo rántí bí òjò Ọ̀fà ṣe ń rọ̀. Mo dá a lóhùn pé Kàdúná ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ìyá mi gbé bàsíà mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sùn sórí ẹní ní pálọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni òrùlé yẹn fi ń jò kí n tó gbà kí wọ́n kan páànù lé e.

Mo rí i nínú pláànù rẹ pé o fẹ́ òrùlé tó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri gíga. Mo mọ̀ pé òun ló gbòde báyìí. Ṣe é bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí gọ́tà inú rẹ̀ fẹ̀ débi tí èèyàn lè gbé ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀. Ewé máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kò mọ̀ pé ilé ìgbàlódé lo kọ́, orí rẹ̀ náà ló máa wọ́ sí.

Ìkejì ni omi. Ẹni tó ya ilé fún ọ, inú ọyẹ́ ló wá wọn ilẹ̀ wa, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ tí ó sì dà bí ẹni pé ó tẹ́jú. Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú. Ó dagẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀nà réluwéè wá sí ojúde, òjò nìkan ló sì lè fi hàn ọ́. Ẹni tó ya ilé náà gbé sọ́kàwéè, kòtò omi ìgbọ̀nsẹ̀, sí òkè kànga. Bàbá mi ló gbẹ́ kànga yẹn, a ṣì ń mu ún títí di òní. Gbé sọ́kàwéè náà sí ìsàlẹ̀, kí ó jìnnà sí kànga dé ibi tí àyè bá gbà á dé. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí o wà nílé, bọ́ bàtà rẹ, kí o dúró sí ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan. Ìyàwó rẹ á rò pé orí rẹ ti yí. Jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni àtẹ̀gùn. O fi yàrá èmi àti ìyá rẹ sí òkè, o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé nítorí afẹ́fẹ́ ni. O ṣeun. Mo fi han ìyá rẹ. Ó fi ìka tẹ̀lé àtẹ̀gùn náà lórí ìwé, ó kà á dé ìpele kejìdínlógún, ó sì ní ohun tí èèyàn ò bá lò lójoojúmọ́ ló ń gbé sórí pẹpẹ. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá gbé yàrá àwọn arúgbó sí ìsàlẹ̀, kí ó súnmọ́ ilé ìwẹ̀, kí ojú wíńdò rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí èèyàn ti ń wọlé. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti ń dùn ún, ó máa ń fẹ́ mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde.

Ìkẹrin ni ilé ìdáná. O ya ẹyọ kan fún ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ. N kò ní sọ púpọ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin, pàápàá ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà. Bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan bá ní “ibi tó bá wù yín náà ni,” mọ̀ pé kò tíì dá ọ lóhùn. Sìdíìkà ọmọ dáadáa ni, ìyá rẹ náà sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìkòkò méjì tí kò fara kanra kì í gbá ara wọn.

Ìkarùn-ún ló kàn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi nọ́ńbà sí èyí tó kù. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà. Àwọn tó ṣáájú yìí, mo lè sọ wọ́n fún ọ lórí fóònù.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Kàmọ́rù bíríkìlà dé gẹ́gẹ́ bí o ṣe rán an. Ó mú tépù àti okùn dání, ó kan èèkàn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ó sì ta okùn sí wọn lára kí a lè rí ibi tí ìpìlẹ̀ máa gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú okùn náà gba ẹnu kọ̀rídọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ìyá mi gbé, èyí tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nínú pláànù rẹ, ògiri tuntun ló dí ibẹ̀, o sì kọ “sítọ̀” sí inú kọ̀rídọ̀ náà.

Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ máa ń bi mí ìdí tí kọ̀rídọ̀ yẹn fi ní tàìlì aláwọ̀ ewé dé ìdajì ògiri, nígbà tí pálọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní. Mo máa ń dá yín lóhùn pé tàìlì ló ṣẹ́kù. Irọ́ ni mo pa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alómi tí mo kọ́ fún ìyá mi nígbà tí mo ti Kàdúná dé, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi wó o.

Bàbá mi ní ìyàwó méjì. Ìyáálé ni ìyá Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀, gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ìyá tèmi ni ìyàwó kejì. Bàbá mi kọ́ ilé méjì fún wọn, ó mú kí àwọn ilé náà kẹ́yìn síra: ti Ìyá Àgbà dojú kọ òpópónà òkè, tiwa dojú kọ òpópónà ìsàlẹ̀. Láàárín méjèèjì, ọ̀nà tóóró kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ó jáde láti ìdí ààrò ìyá mi sí ìdí ààrò Ìyá Àgbà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ìbejì. Orogún ni wọ́n. Wọ́n máa ń bínú síra wọn, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá se ẹ̀wà, á bù fún Ìyá Àgbà, a kì í sì í dá abọ́ padà lófìfo. Ìyá Àgbà á fi nǹkan sí i: ẹ̀gúsí díẹ̀, iṣu tí wọ́n kó wá láti Ojòkú, nígbà mìíràn iyọ̀ lásán. Ó di dandan kí ìyá mi náà dá tirẹ̀ padà. Nítorí náà, abọ́ kan máa ń wà lójú ọ̀nà yẹn nígbà gbogbo, yálà ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀. Ẹni tó ń bínú pàápàá gbọ́dọ̀ dá abọ́ padà, bó bá sì ti débẹ̀, á kí ẹni tó bá níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń parí ìjà láìpe ẹnikẹ́ni.

Èmi dé láti Kàdúná, mo ya pláànù sórí ìwé ẹ̀kọ́ kan. Mo fẹ́ràn ìlà tó gún. Bí ògiri bá gún láti igun dé igun, inú mi á máa dùn lásán. Ọ̀nà tóóró yẹn ló ba ìlà mi jẹ́, mo sì gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí. Lọ́jọ́ tí a ta okùn, ìyá mi jáde síta, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Raufu,” ó ní, “ọ̀nà ńkọ́?”

“Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Màámi,” mo dá a lóhùn. “Ẹ lè máa gba iwájú.”

Ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Mo rò pé òwe mi ti yanjú ọ̀rọ̀. Láti gba iwájú, kò ju kí èèyàn yí igun ilé ká lọ. Mo tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ogójì ìṣísẹ̀ ni.

Ohun tí mo kà ni ìṣísẹ̀. Ohun tí n kò kà ni pé ará ilé ló ń gba ẹ̀yìn, àlejò ló ń gba iwájú. Obìnrin tó ń gba ẹ̀yìn lè ró ìró mọ́ àyà, kí ó gbé abọ́ lọ́wọ́, kí ó ti máa sọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọ̀hún. Ẹni tó fẹ́ gba iwájú gbọ́dọ̀ múra, kí ó wé gèlè, kí ó kí gbogbo àwọn tó jókòó lójúde, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó sì dúró títí wọ́n á fi ní kí ó wọlé. Ta ló máa ṣe gbogbo ìyẹn nítorí abọ́ ẹ̀wà kan? Àti pé ìyàwó ilé wo ló máa kan ilẹ̀kùn nínú ilé ọkọ rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀, Ìyá Àgbà gba ọ̀nà náà wá. Ìbàdí ti ń dùn ún nígbà náà. Ó dúró ní òdìkejì kòtò, ó wo ibi tí mo fẹ́ gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí, ó wo ìyá mi, ó sì ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí á gbé e pẹ́. Mo ní àmín. Ó yí padà, ó lọ. Kò tún wá mọ́.

Ó gbà pé ìyá mi ló rán mi. Ta ló máa rò pé ọmọ kan á dí ọ̀nà láàárín ìyáálé àti ìyàwó nítorí pé ó fẹ́ràn ìlà tó gún? Ìyá mi ní tirẹ̀ gbà pé ìyáálé òun ń bínú, ó sì ń retí kí ìbínú náà rọlẹ̀. Ó ń wá bí ó ṣe máa ṣàlàyé láìjẹ́ pé ó fi ẹ̀bi kan èmi ọmọ rẹ̀. Kò rí i. Ọ̀sẹ̀ tí a mọ ògiri náà, abọ́ Ìyá Àgbà wà lọ́dọ̀ wa, abọ́ tánganran funfun tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, tó fọ́ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló kù sí.

Mo padà sí Kàdúná. Bí mo bá wá ṣe Iléyá, mo máa ń rí i pé ọmọdé ni ìyá mi ń fi ẹran rán sí Ìyá Àgbà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Ọdún méje ló fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà kú, mo sì ti Kàdúná wálé. Ìyá mi múra, ó gba iwájú lọ, ó tẹ̀lé àwọn aládùúgbò tó ń lọ bá wọn kẹ́dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe àdúà tán, ó pè mí wọ yàrá tuntun tí mo kọ́ fún un.

“Raufu, ilé tó o kọ́ fún mi dára,” ó ní, “mo sì ń ṣàdúà fún ẹ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n o fi ògiri gba ìyáálé mi lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tó kú, wọ́n gbé àga fún mi. Nínú ilé ọkọ mi, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní ṣé n ó mu omi.”

Kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wò ó. Tàjúdéènì, mo ti ṣe àṣìṣe tó ná mi lówó, mo sì ti ṣe èyí tó ba orúkọ mi jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn. Èyí nìkan ni n kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé òòlù. Mo wó ògiri iwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, mo wó ti ẹ̀yìn, mo hú àwo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, mo fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò. Mo fi tàìlì sílẹ̀ lára ògiri méjì tó kù. Mo fẹ́ kí ojú mi máa rí i. Ìyá mi gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dé ìdí ààrò Ìyá Àgbà, ó dúró díẹ̀, ó sì padà. Ẹni tó ní abọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Abọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí òun náà fi lọ, ó sì bọ́ sọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wó o yẹn, nígbà tí eruku rọlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀ gba inú rẹ̀ wọlé wá. Ọbàkan mi ni, ó sì fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, láti ọdún méje yẹn ni kì í ti í bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti wà nílé, tí a sì kírun àsárì tán, ó máa ń gba ọ̀nà yẹn wá jókòó tì mí. O kò mọ̀ ọ́n ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin ọmọ lẹ sọ ọ́ ní Bàba Ẹ̀yìn, nítorí ẹ kò rí i kó gba iwájú wọlé rí.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí. O mọ̀ pé ó ń lo ọ̀pá, ṣùgbọ́n bóyá o kò mọ bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan tàìlì tútù, ó mọ̀ pé òun ti wọ ọ̀nà. Bí tàìlì bá tán, ó mọ̀ pé àga òun kù ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ́wọ́. Láti gba òpópónà yí wá síwájú, láàárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́, kò lè dá a ṣe mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Kàmọ́rù lọ, mo jókòó lórí àga mi, mo ń wo bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń bọ̀. Ọ̀pá náà kọ́ okùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó dúró. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tẹ̀lé okùn náà lọ sápá kan, ó tẹ̀lé e lọ sápá kejì, títí ó fi mọ̀ pé ó gba ẹnu ọ̀nà já.

“Raufu,” ó ní, “ọ̀nà ńkọ́?”

Kò mọ̀ pé ìyá mi ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dìde, mo gbé okùn náà sókè, mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ kọjá. Ó ní rárá, òun ti rántí pé òun ní àlejò nílé. Ó yí padà, ó fi ọwọ́ ra tàìlì lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Ọjọ́rú, kò wá. Ọjọ́bọ̀ náà kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò nira. Sítọ̀ lè wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, àyè wà níbẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí ògiri tuntun náà yà díẹ̀ sápá òsì, kí ó yí ọ̀nà náà ká, kí ó tó padà sójú ìlà rẹ̀. Ó máa jẹ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin nínú pálọ̀ rẹ. Ògiri náà á wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á rí i, ẹni tó ya pláànù fún ọ á rojọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wá ìlà tó gún ni mo ń sọ fún ọ: jẹ́ kó wọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dí gbogbo ẹnu ògiri nítorí aláǹgbá, kó rántí pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà wọlé.

N kò hú èèkàn rẹ. Mo sọ fún Kàmọ́rù pé kí ó dúró títí á fi gbọ́ ohùn rẹ. Mo lè pàṣẹ, bàbá rẹ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n bá fi àṣẹ là, ọjọ́ tí aláṣẹ bá kú ni wọ́n máa dí i. Ìwọ fúnra rẹ ni mo fẹ́ kí o yà á sínú pláànù.

Òní ni Jímọ̀. Nígbà tí a ti mọ́sálásí dé, mo ní kí ìyá rẹ bu ẹ̀wà fún mi, mo sì mú abọ́ tánganran yẹn jáde. Ó wò mí, ó fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bu ẹ̀wà kún un. Mo gbé e, mo tẹ̀ kọjá lórí okùn Kàmọ́rù, mo gba àárín tàìlì lọ sí ẹ̀yìnkùlé kejì. Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀ jókòó níbẹ̀ lóun nìkan, kò sí àlejò kankan. Mo gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yí ká, títí ó fi kan ibi tó fọ́.

“Abọ́ ìyá mi rèé,” ó ní.

“Òun ni,” mo ní. “Ẹ má bínú, ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa.”

Ó ní òun á dá a padà lọ́la, bí òun bá ti rí nǹkan fi sí i.

Ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo fi òwe dá a lóhùn. Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀ bi mí ní ọjọ́ Ajé, n kò rí èsì fọ̀. Ó ti kàn ọ́ báyìí, ilé náà sì ti fẹ́ di tìrẹ. Àkànní, ọ̀nà ńkọ́?

Èmi ni bàbá rẹ,
Raufu